Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí jíìnì tó dákẹ́ àti iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn

Ẹni tó bá gba ìwé àyẹ̀wò kókó ilé-ẹyin lóde òní á rí i pé orúkọ jíìnì ló kún inú rẹ̀: TP53, BRCA1, PIK3CA, ARID1A. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni dókítà fi ń yan oògùn, òun náà ló sì ń tú àṣírí ìdí tí oògùn kan fi ran ẹnì kan lọ́wọ́ tí kò sì ta lára ẹlòmíràn. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde látinú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ló ń mú kí jíìnì ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dákẹ́?

Bí a bá mú sẹ́ẹ̀lì kan láti inú ojú, tí a mú òmíràn láti inú ẹ̀dọ̀, DNA kan náà, okùn tí ìlànà ara wà lórí rẹ̀ bí lẹ́tà, ló wà nínú méjèèjì, pẹ̀lú nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń sọ bí a ṣe ń mọ purotéènì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni jíìnì tí a ṣí àti èyí tí a tì.

Ọ̀nà tí ara fi ń ṣí i tàbí tì í ju ẹyọ kan lọ. Àwọn purotéènì kan wà tó máa ń lọ jókòó síwájú jíìnì, níbi tí kíkà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á ní kí a kà á tàbí kí a fi í sílẹ̀. P53, purotéènì tí jíìnì TP53 ń mọ, wà lára wọn. Ọ̀nà kejì ni èdìdì: ara á lẹ ègé kẹ́míkà kékeré kan, mẹ́táìlì, mọ́ iwájú jíìnì, kíkà rẹ̀ á sì dúró. Ẹ̀kẹta ni kíká. DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan gùn tó nǹkan bíi mítà méjì bí a bá nà án, nítorí náà a ká a mọ́ purotéènì hístóònì bí òwú ṣe ń yí kẹ̀kẹ́ òwú, ibi tó bá sì ká pinpin kò ṣe é kà. Lẹ́yìn tí a ti kà á tán pàápàá, àwọn RNA kéékèèké tí kò gùn ju nǹkan bíi lẹ́tà 22 lọ lè gbá ẹ̀dà náà mú kí ó tó di purotéènì. Ìdílé miR-200 ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí a mọ̀: òun ló ń dá ZEB1 lẹ́kun. Bí miR-200 bá lọ sílẹ̀, ZEB1 á pa jíìnì E-cadherin lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ E-cadherin ni àtè tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Àtè bá tú, sẹ́ẹ̀lì á máa rìn káàkiri inú ikùn.

Ṣé jíìnì lè kú láìsí àṣìṣe kankan nínú lẹ́tà rẹ̀?

Ó lè kú. Nínú bí 10 nínú 100 kókó high-grade serous, irú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó wọ́pọ̀ jù, lẹ́tà BRCA1, jíìnì tó ń darí àtúnṣe DNA, pé pérépéré, ṣùgbọ́n èdìdì mẹ́táìlì ti dì í lẹ́nu. Láàbù tó ń ka lẹ́tà nìkan á kọ ọ́ pé «BRCA1: kò sí àyípadà», òótọ́ ló sì kọ, síbẹ̀ jíìnì náà kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ̀dà méjì ni sẹ́ẹ̀lì ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kí BRCA1 tó dákẹ́ pátápátá, gbogbo ẹ̀dà tó ṣẹ́kù nínú kókó gbọ́dọ̀ gba èdìdì. Bí ẹyọ kan bá ṣí sílẹ̀, àtúnṣe DNA á máa lọ, oògùn PARP tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ á sì rọ. Kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, náà sì máa ń ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí èdìdì wọn ti tú sílẹ̀, nítorí àwọn ló yè é. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò èdìdì tí a ṣe lára kókó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò fi ṣeé gbára lé fún kókó tó padà wá lónìí.

Ṣé àrùn kan ṣoṣo ni jẹjẹrẹ ilé-ẹyin?

Rárá. Ojúlé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Èyí tó pọ̀ jù, bí 70 nínú 100, ni high-grade serous. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ńlá The Cancer Genome Atlas ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde tirẹ̀ jáde ní 2011, TP53 ti bàjẹ́ nínú 96 nínú 100 rẹ̀. Low-grade serous bá a jọ orúkọ lásán ni. TP53 tirẹ̀ pé. Jíìnì KRAS tàbí BRAF ló sábà máa ń yí padà. Kì í yára dàgbà, kẹ́mò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹni tó bá ṣi èkejì pè ní èkíní á fi oògùn tí kò bá a mu jẹ aláìsàn níyà.

Clear cell àti endometrioid sábà máa ń jáde láti ara endometriosis, ìyẹn kí awọ inú ilé-ọmọ máa hù níbi tí kò yẹ. Bí ìdajì clear cell ló ti pàdánù ARID1A, jíìnì tó ń báni tú DNA tó ká pinpin. Ẹ rí i pé níhìn-ín, kì í ṣe jíìnì kan ló bàjẹ́. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ jíìnì lọ́wọ́ ló lọ. Mucinous ṣọ̀wọ́n, KRAS ló pọ̀ nínú rẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe inú ìfun ló ti ṣàn wá.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni kókó granulosa ti àgbàlagbà. Lẹ́tà kan ṣoṣo, lẹ́tà 402 nínú jíìnì FOXL2, tó yẹ kó jẹ́ C tó di G, ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí kókó tí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe tààrà tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kì í ṣe inú ilé-ẹyin ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Báwo?

High-grade serous ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀nà-ẹyin, níbi tí ó ti ya bí ìka tó fẹ́ gba ẹyin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ á kọ́kọ́ pàdánù p53 níbẹ̀, wọ́n á di egbò tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, lẹ́yìn náà wọ́n á já bọ́ sórí ilé-ẹyin àti awọ ikùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá yọ ilé-ẹyin obìnrin tó jogún BRCA tó bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ̀nà-ẹyin méjèèjì pẹ̀lú, kí láàbù sì gé gbogbo etí rẹ̀ sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ mílímítà 2 sí 3, kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀ pátá. Láàbù tó bá mú ẹyọ kan ṣoṣo láti àárín ọ̀nà-ẹyin á fo ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí ni p53 ń ṣe gan-an, báwo sì ni láàbù ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?

Aṣọ́bodè ni. Bí DNA bá fara gbọgbẹ́, p53 mẹ́rin á so pọ̀, wọ́n á jókòó síwájú àwọn jíìnì bíi p21, wọ́n á sì ní kí sẹ́ẹ̀lì dúró kó tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí kó kú. Nígbà àlàáfíà, purotéènì MDM2 ló ń kó p53 dànù kí ó má baà pọ̀ jù.

Láàbù máa ń fi àwọ̀ kun ègé ẹran. Bí p53 bá pé, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ á gba àwọ̀, òmíràn kò ní gbà, èyí tó gbà á á sì rọ̀ jura lọ. Bí ó bá bàjẹ́, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni a sábà máa ń rí: gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á dúdú kirikiri, tàbí wọ́n á funfun báláú, tàbí kí àwọ̀ wà lẹ́yìn òde kókó-inú sẹ́ẹ̀lì, ibi tí DNA wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wà nínú èyí tó funfun. Aláìmọ̀ á kọ «kò sí ìṣòro». Ohun tó yẹ ni kí a wo àwọn sẹ́ẹ̀lì alálàáfíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí àwọn yẹn bá gba àwọ̀ díẹ̀, tí jẹjẹrẹ kò gba nǹkan kan, a jẹ́ pé p53 ti lọ. Bí àwọn yẹn náà bá funfun, àwọ̀ ni kò ṣiṣẹ́, ẹ tún un kùn.

BRCA ńkọ́?

Bí okùn DNA bá já ní apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, BRCA1 àti BRCA2 ló ń darí àtúnṣe tí kò ní àbùkù, tí a ó fi ẹ̀dà kejì ṣe àwòkọ. Bí wọn kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì á kàn fi orí kan lẹ̀ mọ́ orí kejì bó ṣe rí i, lẹ́tà á sọnù, krómósómù, ìyẹn ìdì tí DNA wà, á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́.

BRCA1 wà lórí krómósómù 17. Mary-Claire King ló tọ́ka ibẹ̀ ní 1990, wọ́n sì rí jíìnì náà fúnra rẹ̀ ní 1994. BRCA2 wà lórí krómósómù 13. Nínú 100 obìnrin tó jogún BRCA1 tó bàjẹ́, nǹkan bí 44 ni jẹjẹrẹ ilé-ẹyin á mú kí wọ́n tó pé ọdún 80. Ti BRCA2 jẹ́ bí 17. Ti obìnrin tí kò jogún nǹkan kan kò tó 2. Nítorí èyí ni àwọn ìlànà fi ń dábàá yíyọ ilé-ẹyin àti ọ̀nà-ẹyin láàárín ọdún 35 sí 40 fún BRCA1, àti 40 sí 45 fún BRCA2, bí obìnrin náà bá ti bímọ tán.

Ta ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò BRCA? Ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́?

Gbogbo ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó ní high-grade serous ló yẹ kó ṣe é, yálà ẹnì kan ní in nínú ẹbí tàbí kò sí. Bàbá lè fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, nítorí náà ẹ bi ẹbí bàbá náà léèrè.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Nínú ìwádìí kan lórí jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti University of Chicago, tó jáde ní 2018, àwọn obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní àrùn náà ni wọ́n yẹ̀ wò: bí 7 nínú 100 ló gbé BRCA1 tó bàjẹ́, bí 4 nínú 100 sì gbé ti BRCA2. Jíìnì méjèèjì yìí kan náà ló ń fa ti ilé-ẹyin.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ènìyàn wa láàmú: kí èsì wí pé «àyípadà tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀». Ó pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú nítorí pé DNA tiwa kò pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Kì í ṣe èsì búburú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í yọ ẹ̀yà ara ẹni. Ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bóyá láàbù ti rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ló máa ń ba àyẹ̀wò jíìnì jẹ́?

Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà fa wàhálà: mílílítà 5 sí 10 nínú ìgò olómorí elésè àlùkò tó ní EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹran kókó ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Kò yẹ kí ó ju wákàtí kan lọ láti yàrá iṣẹ́ abẹ títí wọ inú fọ́málíìnì, omi tí a fi ń pa ẹran mọ́, torí RNA àti purotéènì tó ń gbé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán ń bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú. Fọ́málíìnì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 10 nínú 100 tí a pò mọ́ iyọ̀ tó dá kíkan rẹ̀ dúró. Èyí tó kan máa ń já DNA wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Kókó ńlá, ẹ là á kí ó tó wọlé, nítorí fọ́málíìnì kì í tètè wọ inú, àárín á ti jẹrà kó tó débẹ̀. Wákàtí 6 ló kéré jù, 72 ló pọ̀ jù. Bí ó bá pẹ́ jù, lẹ́tà C á máa yí di T lójú ẹ̀rọ, a ó sì ka àyípadà tí kò sí nínú ara aláìsàn. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ìsinmi ọdún ló sábà máa ń fa èyí.

Bákan náà, ẹran tí a rán lọ gbọ́dọ̀ ní jẹjẹrẹ tó pọ̀ tó, ó kéré tán 20 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ láàbù sì ń béèrè 30. Ẹran tí a mú lẹ́yìn kẹ́mò lè jẹ́ àpá lásán. Èyí tí a mú ṣáájú kẹ́mò ni kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ó bá wà.

Kí ni HRD tó wà nínú èsì?

Ìdiwọ̀n àpá ni. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá lè ṣe àtúnṣe tí BRCA ń darí, krómósómù rẹ̀ á kún fún àpá oríṣi mẹ́ta, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n. Nínú àyẹ̀wò myChoice, 42 sókè ni wọ́n ń pè ní HRD. Bí ìdajì high-grade serous ló ní in.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níhìn-ín, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà: àpá kì í lọ. Kókó tí àtúnṣe rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò ṣì máa ní àmì tó ga, nítorí ìtàn àná ni HRD ń sọ.

Báwo ni oògùn PARP ṣe ń ṣiṣẹ́?

PARP ló ń tún DNA tó já ní apá kan ṣoṣo ṣe. Bí oògùn bá dì í mú sórí DNA, ojú ibẹ̀ á já pátápátá nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín. Sẹ́ẹ̀lì tó ní BRCA á tún un ṣe. Èyí tí kò ní á kú. Ó dà bí ìgbà tí a gba ọ̀pá lọ́wọ́ ènìyàn: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé á máa rìn lọ, arọ á ṣubú.

Nínú ìwádìí SOLO1 tó jáde ní 2018, lára àwọn tó ní BRCA tó bàjẹ́ tí kẹ́mò àkọ́kọ́ sì ti ràn lọ́wọ́, 60 nínú 100 tó lo olaparib, ọ̀kan lára àwọn oògùn PARP, ni àrùn kò tíì padà sí lára lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ 27.

Olaparib: mílígíráàmù 300 láàárọ̀, 300 lálẹ́, títí ọdún méjì, kí a bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí kẹ́mò parí. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ fò ó. Ẹ má lo méjì pọ̀. Àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Niraparib, oògùn PARP mìíràn: 200 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́; 300 fún ẹni tó wúwo tó kílò 77 sókè tí ẹ̀yà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sì tó 150,000. Òun ní tirẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù kìíní, pẹ̀lú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nínú díẹ̀ lára àwọn tó lo irú oògùn yìí, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti jáde, nítorí náà àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ lẹ́yìn tí a dá oògùn dúró gbọ́dọ̀ mú kí a yẹ mùdùnmúdùn egungun wò.

Oògùn náà lè kọ̀. Ìdí kan ni pé àyípadà kejì nínú BRCA á tún àkọ́kọ́ ṣe, jíìnì á tún máa kà geere. Òmíràn ni pé sẹ́ẹ̀lì á kọ́ ẹ̀rọ tó ń pọn oògùn jáde.

Kí ni «ọ̀nà ìránṣẹ́» tí wọ́n ń sọ?

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Sẹ́ẹ̀lì alálàáfíà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: iṣẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà, olùgbà tó wà lára awọ á gbà á, á fi lé RAS lọ́wọ́, RAS á fún RAF, RAF á fún MEK, MEK á fún ERK, èyí tó máa wọ inú lọ ṣí àwọn jíìnì pípín. Ojú ọ̀nà kejì ni PI3K sí AKT sí mTOR, èyí tó ń sọ pé oúnjẹ wà, kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà. PTEN ló ń pa á. Nínú jẹjẹrẹ, ẹnì kan lójú ọ̀nà ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. KRAS tó yí padà kì í kú mọ́. PIK3CA ń pariwo fúnra rẹ̀ nínú bí 40 nínú 100 clear cell. Omi inú ikùn pàápàá kún fún iṣẹ́: LPA, VEGF, IL-6, tí sẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó nínú rẹ̀ ń mu.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kí a kàn dí ọ̀nà náà. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ tipẹ́, ó sì máa ń já wọn kulẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀nà náà ń ṣọ́ ara wọn. Bí ẹ bá dí mTOR, ìjánu tí mTOR fi sí PI3K á tú, AKT á ga sókè. Bí ẹ bá dí MEK, olùgbà tuntun á yọ lára awọ. Ara alálàáfíà náà ń lo ọ̀nà kan náà: ínsúlínì ń gba PI3K kọjá, ìdí nìyẹn tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ fi ń ròkè lára ẹni tó ń lo oògùn tó dí i.

Ibi tó ti yọrí sí rere ni low-grade serous. Trametinib, tó ń dí MEK, mílígíráàmù 2 lójúmọ́, mú kí àrùn tó padà wá dúró fún oṣù 13 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá fún un ní bí oṣù 7. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí avutometinib pẹ̀lú defactinib fún èyí tó ní KRAS tó yí padà. Defactinib ló ń dí FAK, ọ̀nà ẹ̀bùrú tí kókó máa ń gbà sá bí a bá dí ọ̀nà RAF àti MEK.

Bevacizumab ńkọ́?

Oògùn ni. Ó ń gbá VEGF, iṣẹ́ tó ń ní kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hù, mú kí ó má baà dé ara iṣan ẹ̀jẹ̀, kí kókó má rí ẹ̀jẹ̀ mu, kí omi ikùn sì dín. Mílígíráàmù 7.5 tàbí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti purotéènì nínú ìtọ̀ ni ká máa ṣọ́. Ìfun lè lu, pàápàá bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú rẹ̀. A kì í sì í fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó kéré tán ọjọ́ 28, kí ojú ọgbẹ́ sì ti jinná.

Èsì CA-125 mi ga. Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Kò tíì dájú. Ègé purotéènì MUC16 tí a ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni, 35 sì ni ààlà. Oyún, nǹkan oṣù, endometriosis, àrùn ẹ̀dọ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ikùn lè gbé e sókè. Ìlò rẹ̀ tó dára jù ni láti wò ó bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan kó àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 jọ, wọ́n sì fi í ṣọ́ bí 50,000 nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì 2021 fi hàn pé kò dín ikú kù.

Ṣé mo lè mu àgbo pẹ̀lú oògùn wọ̀nyí?

Ìdáhùn wa ni bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere. Kídìnrín ni wọ́n fi ń ṣírò carboplatin, ọ̀kan lára oògùn kẹ́mò: a ó fi 25 kún ìwọ̀n bí kídìnrín ṣe ń sẹ́, a ó wá fi AUC, iye oògùn tí dókítà fẹ́ kí ara rí, sọ ọ́ di ìlọ́po. Bí kídìnrín bá ń sẹ́ 75, tí AUC sì jẹ́ 5, mílígíráàmù 500 ni. Àgbo tó bá pa kídìnrín lára láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì á sọ ìwọ̀n tó tọ́ di májèlé.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú olaparib ká. Ciprofloxacin àti fluconazole, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì láìbéèrè, máa ń dá ẹ̀dọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, dókítà á dín olaparib kù sí 150 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Gírépù ńlá (grapefruit, irú ọsàn kan) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Efavirenz tí àwọn kan ń lò fún HIV ń ṣe òdì kejì, ó ń lé oògùn náà jáde kíákíá.

Bí àrùn bá padà wá, ṣé a tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe ni?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún BRCA àjogúnbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni láyé ẹni. Ti kókó ni kí ẹ tún mú, bí ibi tó wà bá ṣe é gún. Ẹ wá BRCA tó ti tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ wo jíìnì CCNE1 bóyá ẹ̀dà rẹ̀ ti di púpọ̀ (irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbọ́ ti carboplatin), kí ẹ sì kun folate receptor alpha, purotéènì kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Bí 75 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì bá gba àwọ̀ tó rinlẹ̀ fún un, oògùn mirvetuximab soravtansine ṣeé lò nígbà tí carboplatin kò bá ràn mọ́. Ojú ni oògùn yẹn ń bá jà: kí dókítà ojú wo aláìsàn kí a tó fún un ní àkọ́kọ́, kí ó máa kán oògùn sítẹ́rọ́ìdì sójú bí wọ́n bá ti kọ ọ́ fún un, kí ó sì sọ fún ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ìríran rẹ̀ bá ṣú, kì í ṣe ìgbà tí abẹ́rẹ́ mìíràn bá kù sí ọ̀la.